Èsì: Ẹ má tíì sanwó croft Skye yẹn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ètò ilé o. Mo ka ìbéèrè yín pé ẹ̀yin àti Bàbá Ìbejì rí croft kan (oko kékeré tó ní òfin tiẹ̀) ní erékùṣù Skye ní Scotland, tó ní àyè ilé, tó sì ti gba planning permission (àṣẹ ìkọ́lé), pé ṣé báǹkì á yá yín lówó kọ́ ọ. A ti la irú rẹ̀ kọjá, ojú wa sì rí màbo.

Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á pé kí gan-an ló ń tà. Croft míì wà tó jẹ́ ẹ̀tọ́ àtidáko níbẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tà. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti onílẹ̀, ẹ óò máa san owó ilẹ̀ fún un lọ́dọọdún, Crofting Commission, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ croft ní Inverness, sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó bọ́ sọ́wọ́ yín. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ tí ẹni náà ti rà pátá, ìyẹn tún ní òfin tiẹ̀, lọ́yà á ṣàlàyé.

Lọ́yà! Agbẹjọ́rò ìlú ńlá ni tiwa, ó ní ríra croft kò yàtọ̀ sí ríra fúláàtì. Irọ́ gbuu. Croft tí a rà kò tíì sí nínú Crofting Register, ìwé tó ní máàpù, tí Registers of Scotland, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀, ń tọ́jú láti 2012. Ìwé àtijọ́ tó wà lọ́dọ̀ Commission ló wà, ìyẹn kò sì ní máàpù, kò sọ ibi tí ààlà dé. Bí croft bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ pààrọ̀ ọwọ́, àfi kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Wọn á ya máàpù, wọn á kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àdúgbò fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà àwọn tí inú wọn kò dùn sí i ní oṣù 9 láti lọ sọ ní Scottish Land Court, ilé ẹjọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, pé ààlà kò tọ̀nà. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko! Lọ́yà kò mẹ́nu bà á. Bàbá àgbà tó múlé tì wá, tó máa ń bá wa mu tíì, ló ní kòtò omi ni ààlà, kì í ṣe wáyà. Ilẹ̀ tó wà láàárín kòtò àti wáyà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà tó wọ àyè ilé wa gbà. Báǹkì gbọ́, wọ́n dáwọ́ dúró. Planning permission wa sì ń gbó lọ, nítorí ọdún 3 ni wọ́n fún wa láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo lọ bá òṣìṣẹ́ kan, ó ní ọ̀rọ̀ ilé ni tòun, òun kò mọ̀ nípa croft. Ẹni tó mọ̀ nípa croft ní ọ̀rọ̀ ilé kò kan òun. Ọmọ onílẹ̀ wa nílé sàn jù wọ́n lọ, torí òun á gbowó, á sì yà fún ẹ.

Ẹ wá lọ́yà tó ń ṣe òfin croft lójoojúmọ́, kó kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹ kò ní sanwó títí ọ̀rọ̀ ààlà á fi yanjú.

Bí Bàbá Ìbejì bá ń rò pé òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni ẹ óò máa lọ síbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Òfin ní kí ẹ máa gbé láàárín kìlómítà 32 sí croft, kí ẹ sì máa lo ilẹ̀ náà. Àwọn ará ilé á ní kí ẹ gé e sí pulọ́ọ̀tì kí ẹ tà á. Ẹ má dá wọn lóhùn, pípín croft náà ń gba àṣẹ. Ẹ béèrè bóyá ìpín ilẹ̀ ìjẹko àjùmọ̀ni bá a wá, torí nígbà míì ó ti já kúrò lára rẹ̀. Ẹ mọ iye tí wọn á gbà láti fa iná débẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ilẹ̀ peat (ilẹ̀ dúdú tó rọ̀ bí ẹrẹ̀) tó jìn, ìpìlẹ̀ nìkan á gbé owó yín mì.

Ẹ̀ẹ́n, báǹkì tí ẹ béèrè. Wọn kì í sábà yáni lówó lórí ilẹ̀ tó ṣì jẹ́ croft. Ẹ óò tọrọ decrofting, ìyẹn kí wọ́n yọ ilẹ̀ kúrò lábẹ́ òfin croft, lọ́wọ́ Commission fún àyè ilé nìkan, kí báǹkì lè fi ṣe ìdúró. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ọjọ́ 42 tún wà tí èèyàn lè fi pẹjọ́. Owó ìrànwọ́ ìjọba kan wà tó ń jẹ́ Croft House Grant, ó lè tó £38,000 láwọn ibì kan, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan kí lẹ́tà wọn tó dé.

Ẹ wo Crofting Register lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, ọ̀fẹ́ ni. Bí croft yẹn kò bá sí níbẹ̀, kí ẹni tó ń tà á lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí oṣù 9 yẹn wà lọ́rùn tiẹ̀.