Oyin Mi Dà Nínú Bíà Yìí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo pọn pale ale (irú bíà kan tí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́) lítà 20 nílé, mo sì da oyin gíráàmù 500 sí i bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Kò ta sánsán, kò dùn, ó kàn ń korò. Ṣé ayédèrú oyin ni wọ́n tà fún mi?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì fẹ̀sùn kan ẹni tó tà á. Ìwúkàrà ló jẹ oyin yín. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ṣúgà nínú oyin tí kò lè jẹ. Ìwúkàrà sọ ṣúgà náà di ọtí, adùn lọ, ara bíà sì fúyẹ́. Ìkorò hops (òdòdó tí a fi ń mú bíà korò, kó sì ta sánsán) wá ku òun nìkan. Ní ti òórùn, iná tí ẹ fi sè é ti gbé e lọ.

Èmi kì í fi oyin sórí iná mọ́. Ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, tí ìfófòó bá ń rọlẹ̀, ni mo ń dà á sí i. Ẹ rẹ mọ́ọ̀tì yín (ọkà tí a mú hù, tí a sì gbẹ, fún bíà) nínú omi gbígbóná tó wà ní 68°C, kí ara bíà lè ki díẹ̀. Ẹ dín hops ìbẹ̀rẹ̀ kù. Ẹ fi ìyókù sí i nígbà tí ẹ bá pa iná, àti ní ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn kí ẹ tó rọ bíà sígò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ ọ́ sígò títí hydrometer (ohun tí a fi ń mọ bí ṣúgà ṣe kù sí nínú bíà) yóò fi ka iye kan náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìgò ti bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí.