Ẹ Bi Wá: Síìmù wo ni ká fi sínú táblẹ́ẹ̀tì ọmọ wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọmọ mi obìnrin ń múra JAMB, bàbá ẹ̀ wá ra táblẹ́ẹ̀tì tuntun fún un, èyí tó ń gba síìmù. Látìgbà tó ti gbé e wọlé ni àríyànjiyàn ò ti tán nílé. Àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní MTN ni ká rà, bàbá ọmọ ní Glo tí òun ń lò ni dátà ẹ̀ ń pọ̀ lójú owó, èmi ní tèmi, Airtel ni mò ń lò látìgbà tó ṣì ń jẹ́ Econet, mi ò sì rídìí tí mo fi máa kúrò níbẹ̀. Ológunèrú là ń gbé, ilé wa wà nínú kòtò díẹ̀, ìgbà míì a ní láti jáde síta ká tó gbọ́ ìpè dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, èwo gan-an ni ká rà tówó wa ò fi ní ṣòfò? – Ìyá Ìbejì, Ológunèrú

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọmọ títọ́ mà, Ọlọ́run á jẹ́ kó yege. Ìyá Ìbejì, ohun tẹ́ ẹ sọ kẹ́yìn yẹn, pé ẹ máa ń jáde síta kẹ́ ẹ tó gbọ́ ìpè, òun gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ yìí, iye gíìgì tí wọ́n ń kọ sára páálí ò tíì kàn. Ṣé ẹ mọ̀ bí Ìbàdàn wa ṣe rí, òkè àti kòtò ni látòkèdélẹ̀. Ẹni tó ń gbé lórí Òkè Àrẹ̀mọ lè máa fi nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan wo fídíò láìdúró, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ létí odò Ògùnpa máa lo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yẹn kan náà kó kàn máa yí ṣáá, torí òkè ti dí ohun tó ń bọ̀ láti orí máàsì lọ́nà. Ògiri náà tún wà níbẹ̀ o. Àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ tó nípọn ní Bẹẹrẹ àti Mapó, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í rọrùn láti wọlé síbẹ̀, páànù orí ilé náà sì ń dá kún un. Torí náà kò sẹ́ni tó lè jókòó sí Bódìjà kó sọ fún yín pé lágbájá ló dáa jù ní Ológunèrú, àní aládùúgbò yín tó wà lókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn gan-an ò lè fi tiẹ̀ ṣe òdiwọ̀n tiyín.

Ohun tó wá dùn mọ́ mi nínú lẹ́tà yín ni pé síìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà nílé, Airtel lọ́wọ́ yín, Glo lọ́wọ́ bàbá, MTN lọ́wọ́ àbúrò yín. Ẹ ò ì tíì ní láti ra nǹkan kan. Ẹ yọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi sínú táblẹ́ẹ̀tì yẹn fúnra ẹ̀, kì í ṣe nínú fóònù, torí agbára tí fóònù fi ń fa nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lè má rí bákan náà pẹ̀lú ti táblẹ́ẹ̀tì. Ẹ ra dátà kékeré sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ ẹ wá jókòó síbi tí ọmọ ti ń kàwé gan-an, bó bá jẹ́ igun yàrá tí ò ní fèrèsé ni, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ má ṣe é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe é, torí ìgbà yẹn ni gbogbo àdúgbò ti dé láti ibi iṣẹ́, tí gbogbo wọn wà lórí máàsì kan náà tí wọ́n jọ ń fà á. Ẹ wo òkè ojú táblẹ́ẹ̀tì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀pá kéékèèké yẹn: bó bá kọ 4G, ó dáa, bó bá kọ 3G tàbí H, ó ṣeé fàyà rán, bó bá kọ E pẹ́nrẹ́n, ọmọ ò lè rí fídíò ẹ̀kọ́ kankan wò níbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀pá tó kún tàn yín o, ọ̀pá lè kún dẹ́nu kí ojú ìwé má ṣí, torí ọ̀pá ń sọ bí ẹ ṣe ń gbọ́ máàsì sí ni, kò sọ iye èèyàn tẹ́ ẹ jọ ń pín in. Ẹ ṣí fídíò ẹ̀kọ́ Ìṣirò kan, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa lọ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wò ó bóyá ó ń dúró. Ẹ tún un ṣe láàárọ̀, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ tí NEPA bá mú iná lọ fún wákàtí tó pọ̀, nítorí jẹnẹrétọ̀ àti bátìrì ni máàsì ń lò nígbà yẹn, bí ìyẹn bá ní ìṣòro ẹ máa rí i lójú ẹsẹ̀.

Èyí tó bá dúró lórí 4G láàárín alẹ́ ní igun yẹn ni kẹ́ ẹ mú, kódà bí dátà ẹ̀ bá wọ́n díẹ̀ ju tàwọn yòókù lọ. Dátà olówó pọ́ọ́kú tí ò ṣí ojú ìwé, owó ìyà ni, mo dúró lórí ìyẹn gbọn-in. Bí méjì bá wá rí bákan náà, èyí tó yàtọ̀ sí tiyín ni kẹ́ ẹ yàn fún ọmọ. Ìdí ni pé bí àwọn tó ń ṣe títì bá fi katakata gé wáyà ilẹ̀ tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan ń lò, gbogbo àdúgbò lè wà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ méjì ló wà nílé, ẹ máa tan hotspot láti orí fóònù yín, ìyẹn ni pé fóònù yín á pín íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ fún táblẹ́ẹ̀tì, ọmọ á máa bá ìwé ẹ̀ lọ.

Àwọn tó ń pariwo 5G létí yín ńkọ́? Òótọ́ ni pé MTN bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2022, Ìbàdàn sì wà lára ìlú tó kọ́kọ́ rí i, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí 5G yẹn ń gbà kì í jìnnà sí máàsì, kì í sì í fẹ́ràn ògiri, táblẹ́ẹ̀tì olówó kékeré tó pọ̀ jù lọ ò sì gbà á. Ẹ má tìtorí ẹ̀ ra nǹkan kan.

Tówó bá wá kàn, ẹ tẹ *312# lórí èyí tẹ́ ẹ bá mú láti ra dátà, láti 2023 gbogbo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló ń lo nọ́ńbà kan náà, *310# fún kirẹ́díìtì tó kù, *323# fún dátà tó kù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ti gbà wọ́n láyè láti fi tó ìdajì lé owó, ó yẹ ká fara balẹ̀ kà á dáadáa: ọjọ́ mélòó ni, ṣé gbogbo ẹ̀ ló ṣeé lò lọ́sàn-án, tàbí òru nìkan ni apá kan ẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Mo ti rí àwọn òbí tó ra èyí tó pọ̀ gan-an, tí ìlàjì ẹ̀ jẹ́ dátà òru, tọ́mọ ti sùn nígbà tó yẹ kó lò ó. Oṣù kan ni kẹ́ ẹ rà, tó bá sì ku díẹ̀ kó parí kẹ́ ẹ tún un rà, èyí tó kù á bọ́ sórí ti tuntun.

Ẹ tún rántí pé ojú táblẹ́ẹ̀tì tóbi, fídíò tó mọ́lẹ̀ kedere ló máa ń fẹ́ gbé wá. Netflix fúnra ẹ̀ sọ pé fídíò tó mọ níwọ̀n ń jẹ nǹkan bíi 1GB láàárín wákàtí kan, èyí tó mọ́ kedere sì lè dé 3GB. Ẹ bá ọmọ yí fídíò sí 480p, ìyẹn èyí tó mọ níwọ̀n, kẹ́ ẹ tan Data Saver, kẹ́ ẹ sì pa àwọn tó ń ṣe update fúnra wọn. Ìbéèrè JAMB àtẹ̀yìnwá kì í jẹ dátà tó bẹ́ẹ̀, fídíò ló ń jẹ ẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ ra táblẹ́ẹ̀tì tòkúnbọ̀ ní Queen Cinema, wọ́n ní láti Amẹ́ríkà ló ti dé, owó ẹ̀ sì dáa. Kí ni kí n wò? – Aláṣọ, Ìwó Road

ÌDÁHÙN: Ẹ gbé síìmù yín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ tì í wọlé níwájú ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ fi í ṣí nǹkan kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Púpọ̀ nínú èyí tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà ni ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ibẹ̀ ti tì pa mọ́ tiwọn nìkan, bí táblẹ́ẹ̀tì bá sọ pé òun ò gba síìmù yẹn tàbí ó ń béèrè kóòdù, ẹ gbé e padà fún wọn. Òmíràn ò ní ihò síìmù rárá, WiFi nìkan ló ń lò, kò sì burú bí ẹ bá ní fóònù tó lè tan hotspot, ẹ kàn má san owó ti onísíìmù lórí ẹ̀. Tó bá jẹ́ iPad Air tàbí iPad Pro tí wọ́n ṣe ní 2024, eSIM, ìyẹn síìmù tó ti wà nínú ẹ̀rọ tí kò ṣeé yọ, nìkan ni onísíìmù nínú wọn ń gbà, ẹ lọ bèèrè lọ́dọ̀ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yín kẹ́ ẹ tó ra á.

ÌBÉÈRÈ: Síìmù wà nínú táblẹ́ẹ̀tì mi, ṣùgbọ́n kò síbi tí mo ti lè tẹ *312#. Báwo ni mo ṣe máa ra dátà? – Bàbá Tísà, Mọ́níyà

ÌDÁHÙN: Táblẹ́ẹ̀tì tó pọ̀ ni kì í pe ìpè sà, iPad wà lára wọn. Ẹ yọ síìmù náà, kẹ́ ẹ fi sínú fóònù èyíkéyìí, kẹ́ ẹ ra dátà ibẹ̀, kẹ́ ẹ tún dá a padà, dátà ò ní lọ síbì kankan torí orí síìmù ló wà. Bí yíyọ yẹn bá ń dà yín láàmú, ẹ dáńlóòdù áàpù nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yín sórí táblẹ́ẹ̀tì, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa fi síìmù sínú fóònù láti gba kóòdù tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Ẹ tún lè ra dátà fún nọ́ńbà yẹn láti inú áàpù báǹkì yín, ẹ ṣá ti kọ nọ́ńbà síìmù náà sára páálí táblẹ́ẹ̀tì, torí púpọ̀ èèyàn ni kì í rántí ẹ̀. Ẹ sì rí i pé NIN yín lẹ fi gba síìmù náà, ẹ má ra èyí tí ẹlòmíì ti fi orúkọ sí lẹ́bàá títì, wọ́n lè tì í pa nígbàkígbà.