Gíà ò wọlé tí máṣíìnì bá ti wà lórí iná: má tíì jẹ́ kí wọ́n tú ẹ́ńjìnì ẹ

Àbúrò mi, mo ka ohun tó o kọ. O ní tó o bá ti sítáàtì ọ̀kadà Bajaj ẹ, gíà kìíní kì í fẹ́ wọlé, tó bá sì máa wọlé á dún gbà, máṣíìnì á fò síwájú, àmọ́ tó o bá paná ẹ̀ gíà á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. O tún ní mẹkáníìkì ní kó o lọ wá owó gíà wá, pé òun máa tú ẹ́ńjìnì. Jọ̀ọ́, má tíì fún un lówó. Ohun tó ṣe èmi náà gan-an nìyẹn, ojú mi rí nǹkan.

Wò ó, tí gíà bá ń wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnì kú, tí kì í wá wọlé nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kílọ́ọ̀ṣì lo máa kọ́kọ́ fura sí. Tó o bá fún ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ó yẹ kí àwọn pílètì inú ẹ̀ tú kúrò lára ara wọn kí agbára ẹ́ńjìnì má dé ọ̀dọ̀ gíà mọ́. Tí wọn ò bá tú tán, inú ń yí, ìwọ náà ń fẹsẹ̀ tì í, ohun tó ń dún gbà yẹn nìyẹn.

Tèmi bẹ̀rẹ̀ nínú òjò. Mo gbé ìyá kan ní Òkè-Fìà l'Ọ́ṣogbo, ó pọn ọmọ, Ọjà Ọba ló ń lọ, bá a ṣe dé Ọláìyá mo fẹ́ wọ fíríì, ìyẹn ibi tí kò sí gíà kankan, kò wọ̀, mo fún kílọ́ọ̀ṣì dání síbẹ̀ máṣíìnì ṣì ń fà mí lọ, mo tẹ bíréèkì, ẹ́ńjìnì kú láàárín títì, tírélà kan wà lẹ́yìn wa tó ń fọn fèrè. Ìyá yẹn sọ̀ kalẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ó kàn di ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀ mú. Mi ò gbàgbé ojú ẹ̀ títí dòní. Àwọn òṣìṣẹ́ kan tó dúró síbẹ̀, dípò kí wọ́n bá mi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìwé ni wọ́n ní kí n kó wá, wọ́n sì fi mí sínú òjò fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Ó ṣì ń dùn mí.

Mo wá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tí gbogbo wa ń pè ní ọ̀gá. Kò gùn ún wò, kò fọwọ́ kan wáyà kílọ́ọ̀ṣì, ó tẹ gíà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní gíà ti lọ. Kó o mọ̀ pé kéèsì ẹ́ńjìnì ní láti pín sí méjì kí wọ́n tó rí gíà, àmọ́ tó bá jẹ́ kílọ́ọ̀ṣì, kọ́fà ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ni wọ́n ń ṣí. Ọjọ́ 11 ni máṣíìnì mi fi wà nílẹ̀, ẹni tó ni ín ń bi mí ní dèlífárì ẹ̀, ìyẹn owó tí mò ń san fún un, lójoojúmọ́, ₦38,000 lówó gíà, owó iṣẹ́ ò sí níbẹ̀ o. Wọ́n dì í pa dà, mo sítáàtì ẹ̀, mo tẹ gíà: gbà! Bákan náà. Ọ́ìlì tún wá ń jò níbi tí kò ti jò rí torí gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni wọ́n dá pa dà. Ọ̀gá ní kí n máa gùn ún bẹ́ẹ̀, pé ara ẹ̀ máa balẹ̀.

Bàbá kan lọ́nà Ìlobù ló rí i. Ó ṣí kọ́fà ọ̀tún, ó kó pílètì síta, ó ní kí n fi ìka ra ilé kílọ́ọ̀ṣì, àgbá tí eyín pílètì ń wọ̀ sí. Ibi tó yẹ kó jọ̀lọ̀ ti di kòtò-kòtò, eyín pílètì ń há síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi ń tú. Tí kòtò yẹn bá ṣì kéré, wọ́n lè fi fáìlì ha á, tó bá ti jìn àfi kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Tèmi ti jìn. Kò tó wákàtí kan tó fi parí ẹ̀, gíà tí mo ti sanwó ẹ̀ dànù ṣáá ni.

Ìwọ, wáyà ni kó o kọ́kọ́ wò. Àyè díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ẹnu ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, bíi mìlímítà 10 sí 20. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ní tú tán, tí ò bá sì sí rárá, pílètì á máa yọ̀, ẹ́ńjìnì á ké, máṣíìnì ò ní rìn. O mọ bí wọ́n ṣe ń fún un. Wo bóòtù ẹsẹ̀ gíà náà, kó má lọ jẹ́ pé ó ti tú.

Ọ́ìlì ńkọ́? Kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò gbígbẹ ni púpọ̀ nínú ẹ̀, ti ọ̀kadà wa inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló ń gbé, torí náà má da ọ́ìlì mọ́tò tó ń yọ̀ jù sí i. 20W-50 ti ọ̀kadà, tí wọ́n kọ JASO MA sí lára, àmì ọ́ìlì tó bá kílọ́ọ̀ṣì inú ọ́ìlì mu, ni kó o rà, kó o sì wo ìdérí ẹ̀ dáadáa, torí àwọn kan ń rọ ọ́ìlì tí wọ́n ti lò sínú ike tuntun. Ìkà gbáà ni.

Gíà tó bàjẹ́ lóòótọ́, fífò ló máa ń fò jáde fúnra ẹ̀ tó o bá ń fún un níná, pàápàá tó o bá ń gun òkè. O ò sọ irú ẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa sọ pé kí wọ́n má tú u.

O tiẹ̀ bi wá bóyá o lè gbé e dé Ìkìrun lọ́la, mo fẹ́ gbàgbé. Má gbé e lọ, má sì gbé èrò kankan. Tó bá di dandan kó o gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ìwọ nìkan ni o, kó o sì wọ fíríì nígbà tó ṣì ń yí lọ díẹ̀díẹ̀, torí tó bá ti dúró tán kò ní gbà. Wo wáyà yẹn láàárọ̀, kó o wá sọ ohun tó o bá níbẹ̀ fún mi.