Rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì mi tún ti dà rú o!

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Dókítà ni mí, Abẹ́òkúta níbí ni mo ti ń ṣe resident. Mo kọ pépà kan lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn ìyá ọlọ́jà, rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì (pépà àwọn ẹlòmíì tí mo tọ́ka sí) 43 ló wà nínú ẹ̀, ọwọ́ ni mo sì fi tẹ gbogbo nọ́ńbà wọn. Ọ̀gá mi kà á tán ló bá ní kí n fi pàrágíráàfù kan kún ìbẹ̀rẹ̀, rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì méjì péré ló wà nínú pàrágíráàfù yẹn o, bí gbogbo nọ́ńbà ṣe yí nìyẹn, iná ti lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà ni mo fi ń tún un ṣe títí aago 2 òru. Mo wá fi ránṣẹ́, ọjọ́ kẹta ni wọ́n dá a padà, wọn ò tiẹ̀ ka ohun tí mo kọ, wọ́n ní kò bá Vancouver mu. Ṣé ìlú kọ́ ni Vancouver ni? — Ó ti sú mi, Ìdí-Àbà.

ÌDÁHÙN: Dókítà, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ìlú ni lóòótọ́, Kánádà ló wà. Lọ́dún 1978 ni àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn kan pàdé níbẹ̀, torí ohun tójú àwọn dókítà ń rí nígbà yẹn ni pé tí jọ́nà kan bá ní òun ò gba pépà ẹ, wàá tún gbogbo rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì tẹ̀ látòkèdélẹ̀ kó o tó gbé e lọ sí òmíì, tápúràítà sì ni o, ẹ ò rí i pé tiyín ṣì sàn díẹ̀. Wọ́n fẹnu kò sí ìlànà kan náà fún kíkọ pépà àti rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì, òun là ń pè ní Vancouver. Àwọn olóòtú yẹn náà ló di ICMJE, ẹgbẹ́ àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn tá a mọ̀ lónìí.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn, ẹ fi wé káàdì àjọ. Ẹni tó kọ́kọ́ bá alájọ dá owó ló ni káàdì 1, ẹni tó tẹ̀lé e ló ni 2. Tí ẹni tó ni káàdì 3 bá tún mú owó wá lọ́la, káàdì 3 yẹn náà ni wọ́n á sàmì sí, alájọ ò ní gé 17 fún un. Pépà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dárúkọ ni 1, 1 náà ló sì máa jẹ́ tẹ́ ẹ bá tún padà sọ̀rọ̀ ẹ̀ ní Discussion, apá tẹ́ ẹ ti ń ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ rí. Èyí tó bá wà nínú tábìlì nìkan, ibi tẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ dárúkọ tábìlì yẹn nínú ọ̀rọ̀ yín ni nọ́ńbà ẹ̀ ti máa jáde, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Ṣùgbọ́n àjọ ò ní kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé já wọ àárín. Ti pépà ò rí bẹ́ẹ̀, rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì tuntun lè já wọ àárín, kí gbogbo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ yí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ tẹ nọ́ńbà mọ́ láyé yín. Ẹ lọ gba Zotero, áàpù tó ń bá èèyàn kó rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì jọ, ọ̀fẹ́ ni, tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ yín ní Pánsẹ́kẹ́ ẹ bá tiyín lọ. Tẹ́ ẹ bá ti ṣí pépà kan lórí PubMed, ibi tí wọ́n ti ń wá pépà ìṣègùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì ẹ̀, á kó orúkọ, àkọlé, ọdún, gbogbo ẹ̀ pátá wọlé, tó bá wá di inú Word, òun náà ló máa fi nọ́ńbà sí i. Ọ̀gá yín lè ní kẹ́ ẹ fi pàrágíráàfù mẹ́wàá kún un, nọ́ńbà á tún ara wọn tò lójú yín báyìí.

Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ fojú yín yẹ̀ ẹ́ wò o, torí ìdọ̀tí tó bá wà níbi tó ti kó o náà ló máa gbé wá. Ẹ jẹ́ n fi ti ọmọ ìlú wa ṣàlàyé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, àwọn tó jẹ́ kí aláìsàn ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro máa gbé pẹ̀lú ará abúlé. Wọ́n kọ pépà kan sí jọ́nà àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1956. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ máa jẹ́ Lambo TA, kò sí kọ́mà lẹ́yìn Lambo, kò sí fúlúsítọ́ọ̀pù láàárín T àti A. Àkọlé á tẹ̀lé e, ìparí ẹ̀ á wá rí báyìí: Br Med J. 1956;2:1388-94. Ẹ wò ó dáadáa, kò sáyè láàárín ọdún, fọ́líùmù àti ojú ìwé, wọn ò sì kọ 1394, 94 ti tó. BMJ ni jọ́nà yẹn ń jẹ́ báyìí, àmọ́ Br Med J ló ń jẹ́ nígbà tí Lambo kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà la máa fi sílẹ̀. Ẹ má sì fi orí ara yín gé orúkọ jọ́nà kúrú. Niger J Clin Pract ni, kì í ṣe Nig J, ẹ lọ wò ó nínú NLM Catalog, àkójọ orúkọ jọ́nà tí ilé ìkàwé ìṣègùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe.

Tí àwọn tó kọ pépà bá ju mẹ́fà lọ, ẹ kọ mẹ́fà, kẹ́ ẹ fi et al. (ìyẹn “àti àwọn yòókù”) sí i. Jọ́nà míì á ní mẹ́ta lòun fẹ́, òmíì á ní kẹ́ ẹ kọ gbogbo wọn, torí náà ìlànà tiwọn lẹ máa kọ́kọ́ kà. Mo mọ̀ pé ẹ ò kà á.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, olùkọ́ nọ́ọ̀sì ni mí. Mo kọ pépà méjì kí n tó lọ́kọ, mo ti wá ń jẹ́ orúkọ ọkọ mi báyìí. Nínú ọ̀kan tiẹ̀ rèé, orúkọ àbísọ mi ni wọ́n fi ṣe sọ́nèèmù. Báwo ni kí n ṣe kọ wọ́n? — Ìyá Ìbejì, Àsèrò.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ. Bó ṣe wà nínú jọ́nà gan-an lẹ máa kọ ọ́, kódà kó jẹ́ orúkọ ilé bàbá yín, torí orúkọ yẹn lẹni tó bá ń wá a máa bá níbẹ̀. Ẹ wá lọ gba nọ́ńbà ORCID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹni tó ń kọ pépà, ọ̀fẹ́ lòun náà, díjíìtì 16 ni, ẹ ó kó pépà méjèèjì sábẹ́ ẹ̀, ayé á mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Ti sọ́nèèmù yẹn, ilé ìwé ló kó bá wa, wọ́n kọ́ wa láti kékeré ká máa fi sọ́nèèmù ṣáájú, jọ́nà òyìnbó sì rò pé ẹ̀yìn ló wà. Tẹ́ ẹ bá ń kún fọ́ọ̀mù wọn, ẹ wo àpótí tẹ́ ẹ ń kọ ọ́ sí. Orúkọ alápàpọ̀ náà, ẹ má yà á: Ransome-Kuti O ni Bàbá Olíkóyè, wọn kì í ṣe Kuti OR.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè ní kí ChatGPT bá mi wá rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì? — Akẹ́kọ̀ọ́, Kútọ̀.

ÌDÁHÙN: Rárá o, àbúrò. Ó lè mú orúkọ dókítà tó wà láyé, kó fi ti jọ́nà tó wà láyé, kó wá kó wọn lé pépà tí ẹnikẹ́ni ò kọ rí. Èyí tó bá ti fún ẹ, mú DOI ẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ pépà náà) lọ sí doi.org, tí kò bá ṣí, tàbí tó bá ṣí nǹkan míì, jù ú nù. Èyí tó ṣí náà, kà á, kó o sì wò ó bóyá wọn ò tíì fagi lé e. Pépà kan nínú jọ́nà Lancet ọdún 1998 tó so abẹ́rẹ́ àjẹsára MMR pọ̀ mọ́ autism, 2010 ni wọ́n ti fagi lé e, àwọn kan ṣì ń tọ́ka sí i bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. PubMed máa ń kọ ọ́ gàdàgbà sókè, Zotero náà á sàmì sí i. Tó o bá rí irú ẹ̀ nínú tìẹ, yọ ọ́ kó o tó fi ránṣẹ́, nọ́ńbà tó kù á tún ara wọn tò.