Mo ti fagi lé pàṣípààrọ̀ tí kò yẹ kí n fagi lé, mo sì ti fọwọ́ sí èyí tí kò yẹ kí n fọwọ́ sí

Àbúrò, mo ti ka ohun tó o kọ. O ní ẹ jẹ́ méjìlá nínú líìgì fantasy football yín, ìyẹn eré tí olúkúlùkù ti ń kó agbábọ́ọ̀lù NFL gidi (bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà) jọ, tí ohun tí wọ́n bá ṣe lórí pápá á di pọ́ìntì tiyín, ọdún àkọ́kọ́ yín nìyí, ìwọ ni wọ́n sì fi ṣe kọmíṣọ́nnà, alábòójútó tó ń fọwọ́ sí pàṣípààrọ̀ tàbí tó ń fagi lé e, nítorí pé ìwọ lo dá gúrúpù WhatsApp sílẹ̀. Ẹnìkan ṣe pàṣípààrọ̀: ó fi Saquon Barkley, running back (ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré), sílẹ̀, ó gba James Cook, running back mìíràn, àti Terry McLaurin, wide receiver (ẹni tó ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù). Gúrúpù gbaná, wọ́n ní ìrẹ́jẹ ni, wọ́n ní kó o fagi lé e kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. O tún fi kún un, bí ẹni tó ń sọ ọ́ kọjá lọ, pé ìwọ náà ti ná Saquon lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ Sunday, kò dá ẹ lóhùn. Màá padà sórí ìyẹn.

O pè mí ní ẹ̀gbọ́n, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ẹni tó ti jìn sí kòtò náà rí. Líìgì tiwa ní Houston níbí ti lé lọ́dún mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, èmi sì ni kọmíṣọ́nnà láti ọjọ́ kìíní. Ohun tó ń dà ẹ́ láàmú kò ju pé orí fantasy Premier League lo ti ń bọ̀. Níbẹ̀, gbogbo ayé ló lè ní Haaland lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fún ẹ ní mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn, wọ́n ti lẹ iye mọ́ olúkúlùkù lára, o kàn ń mú ni. Kò sẹ́ni tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Níhìn-ín, Saquon kan ṣoṣo ló wà nínú líìgì yín, ọwọ́ ẹnìkan ló sì wà. Kò sí iye lára rẹ̀ àfi èyí tí ẹni tó ni ín àti ẹni tó ń wá a bá fẹnu kò lé lórí. Ọjà Bódìjà ni, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọdún 2020, torí òun ló dùn mí jù.

Lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì, Christian McCaffrey fi ọrùn ẹsẹ̀ ṣèṣe nígbà tí Carolina ń bá Tampa Bay gbá. Wọ́n ní yóò lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà nílé. Rántí pé lọ́dún tó ṣáájú, ọkùnrin yìí sáré ju 1,000 yáàdì lọ, ó tún gba bọ́ọ̀lù fún 1,000 yáàdì mìíràn ó lé, pẹ̀lú touchdown 19 (ìyẹn kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù wọ òpin pápá alátakò). Ọba ni lọ́dọ̀ àwa tá à ń ṣe fantasy. Ẹni tó ni ín nínú líìgì wa ni Bàbá Ìbejì, tí wọ́n jù mí lọ dáadáa. Lọ́jọ́ Tuesday, wọ́n fi McCaffrey gba James Robinson ti Jacksonville, ní ẹyọ kan sí ẹyọ kan. Robinson yìí, kò sí ẹgbẹ́ tó yàn án nínú draft NFL, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun. Illinois State ló ti wá, eré méjì péré ló sì tíì gbá ní NFL nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sáré 102 yáàdì nínú èkejì.

Láàárín wákàtí kan, àwa méje ti kọ̀wé. Ẹnìkan ní ṣe ló dà bí ẹni fi Mercedes gba kẹ̀kẹ́ Marúwá. Èmi náà wo orúkọ méjèèjì, mo rẹ́rìn-ín, mo tẹ bọ́tìnì, mo fagi lé e. Mi ò pe Bàbá Ìbejì. Mi ò pe ẹni kejì. Mo gbà pé mò ń dáàbò bo àgbàlagbà.

Bàbá Ìbejì pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọn ò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n ní, “Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pàdánù. Tí mo bá jókòó ti aláìsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ni n óò fi ìyókù ọdún ṣe? Ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi ti borí ẹ̀ẹ̀mejì, òun lágbára láti dúró dè é. Ǹjẹ́ o bi mí kó o tó ṣe é?” Mi ò rí nǹkan kan fèsì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà, èmi ò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan kí n tó dá a.

McCaffrey padà wá gbá eré kan ṣoṣo, ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá pẹ̀lú Kansas City, ó tún fi èjìká ṣèṣe níbẹ̀, ọdún rẹ̀ parí. Eré mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀. Robinson sáré 1,070 yáàdì. Bàbá Ìbejì kò dé playoff, ìyẹn àwọn eré ìparí ọdún tó ń sọ ẹni tó gba ipò kìíní. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọn ò padà wá, wọ́n sì kó ẹni méjì dání lọ.

Má fi iye yáàdì wọ̀nyẹn ṣe ẹ̀rí o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Kódà kí McCaffrey padà wá lọ́sẹ̀ kẹfà kó máa fò lórí gbogbo wọn bí ẹyẹ, èmi ni mo ṣì jẹ̀bi. (Ṣé o sì mọ̀ pé Robinson fúnra rẹ̀ kò gbá ọ̀sẹ̀ 16, tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ àṣekágbá wa lọ́dún náà? Ọrùn ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà ni.) Ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí pàṣípààrọ̀ ni a fi ń dá a lẹ́jọ́, kì í ṣe ọjọ́ tí ọdún parí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 1989, nígbà tí Dallas fi Herschel Walker ránṣẹ́ sí Minnesota, tí wọ́n sì fi gba àwọn agbábọ́ọ̀lù àti òkìtì ààyè inú draft, ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìpínlẹ̀ Texas níbí ló ní Dallas ti ya wèrè. Àwọn kan náà ló jó nígbà tí Dallas wá gba Super Bowl, àṣekágbá NFL, lẹ́ẹ̀mẹta láàárín sáà 1992 sí 1995.

Bí o bá rí èyí, wàá rí i pé ìwà òmùgọ̀ kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Èmi fúnra mi ni àpẹẹrẹ. Ní 2016, Jay Ajayi ti Miami, tí wọ́n bí ní London fún àwọn òbí ọmọ Nàìjíríà, sáré 1,272 yáàdì, ó sì lé ní igba yáàdì nínú eré mẹ́ta. Nínú líìgì tó jẹ́ pé Yorùbá ló pọ̀ jù, o mọ ohun tí orúkọ yẹn yóò fà. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án 2017, mo fi Mark Ingram gba Ajayi. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fagi lé e. Ṣe ni wọ́n ń kí mi, wọ́n ní Àjàyí ti wálé. Ingram gbé touchdown 12 sáré wọlé lọ́dún yẹn. Ajayi ò gbé ẹyọ kan sáré wọlé nínú gbogbo eré méje tó gbá fún Miami. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, Miami fi í gba ààyè ìpele kẹrin péré nínú draft, ó lọ sí Philadelphia, ó sì gba òrùka Super Bowl. Èmi gba ipò kẹsàn-án. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́ mi jẹ, orúkọ ni mo rà. Ká ní ẹnìkan wá fagi lé e mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà náà, ǹ bá bú u dọ́la. Owó mi ni, ẹgbẹ́ mi ni, ìfẹ́ mi sì ni.

Wàyí o, ti Saquon yín. Ojú ewé tó ń ṣírò pàṣípààrọ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì mọ̀ pé wọ́n á ti fi ránṣẹ́ sí ẹ. Ọ̀pọ̀ wọn ní àìsàn kan náà tí ẹ bá ń fi méjì gba ẹyọ kan: wọ́n á ro iye ẹni méjì pọ̀, wọn ò sì ní mọ ẹni tó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì olúkúlùkù. Ṣé o rántí pé ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí? Ká ní Saquon ń mú pọ́ìntì 20 wá lọ́sẹ̀, Cook 15, McLaurin 13. Tí ẹni tó fi Saquon sílẹ̀ bá ti ń fi wide receiver oní-6 ṣeré láti ọjọ́ yìí, yóò pàdánù 5 níbi running back, yóò jèrè 7 níbi receiver. Ó fi 2 sàn. Tí ẹnì kejì bá ní receiver oní-11 tó ń sùn lórí bẹ́ǹṣì, òun náà pàdánù 2, ó jèrè 5. Ó fi 3 sàn. Àwọn méjèèjì jèrè, ọ̀rẹ́ mi. Ìwọ tó ò ń wo orúkọ mẹ́ta lásán kò lè rí i. Ṣí ẹgbẹ́ àwọn méjèèjì sílẹ̀, ka àwọn tó wà nínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wò ó bóyá líìgì yín ń fún èèyàn ní pọ́ìntì kan fún bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan tó bá gbà, torí ìyẹn nìkan lè gbé receiver ga ju bí ojú ṣe ń rí i lọ.

Ìrẹ́jẹ wà lóòótọ́ o, mo ti fọwọ́ sí ọ̀kan rí. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì, mo búra pé mi ò ní fagi lé nǹkan kan mọ́ láyé. Ní ọ̀sẹ̀ keje ọdún 2021, ẹgbẹ́ mẹ́fà ló wà ní ìsinmi lẹ́ẹ̀kan náà, Minnesota àti Dallas wà nínú wọn. Ọ̀kan lára wa ní Dalvin Cook ti Minnesota àti Ezekiel Elliott ti Dallas, ìyẹn ni pé kò ní running back kankan tí yóò gbá lọ́sẹ̀ náà. Ó fi Dalvin Cook gba James Conner lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn kan kùn pé ó ti ta ọjà ní ẹ̀dínwó. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, mo ti kọ́gbọ́n. Ó fi pọ́ìntì díẹ̀ borí ẹni tó bá pàdé. Nígbà tó di Tuesday, mo jí, mo rí i lójú fóònù mi: Conner ti padà, Cook náà ti padà, bí ẹni dá ìkòkò aládùúgbò padà lẹ́yìn ìnáwó.

Wọ́n yá agbábọ́ọ̀lù. Wọ́n lẹ̀dí àpò pọ̀, àwọn méjì di ẹgbẹ́ kan fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó wà níwájú wọn sì ń bá ẹgbẹ́ méjì jà láìmọ̀. Wo bí ó ṣe rí: nínú orúkọ, èyí “dọ́gba” ju ti McCaffrey lọ. Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni olè. Mi ò tíì mọ ohun tí n bá ṣe sí i, torí eré ti parí. Mo dá gbogbo nǹkan dúró, mo sì bẹ ẹni tó pàdánù. Láti ìgbà náà, òfin wa ni pé agbábọ́ọ̀lù tó bá kúrò lọ́wọ́ ẹ kò gbọdọ̀ tún ọwọ́ ẹnì kan náà gbà padà sọ́dọ̀ ẹ títí ọdún yóò fi parí.

Oríṣi kejì ni ẹni tí kò ní nǹkan gbà mọ́, tó ti pàdánù mẹ́jọ, tó wá kó ohun rere inú ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ nítorí kí wọ́n lè jọ pín owó. Ìyẹn kò ṣòro láti mọ̀. Fi ọjọ́ tí pàṣípààrọ̀ máa parí sí kó tó di ìparí oṣù Kọkànlá, o ti pa ìdajì rẹ̀.

Ohun tí mò ń ṣe nísinsìnyí kò ju ìpè méjì lọ. Mo máa ń pe àwọn méjèèjì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kì í ṣe nínú gúrúpù. Mo máa ń bi wọ́n pé kí ni ìwọ fẹ́ fi èyí ṣe? Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe yóò sọ ọ́ fún ẹ ní gbólóhùn méjì, kódà bó bá jẹ́ ìsọkúsọ ni. Àwọn tó lẹ̀dí àpò pọ̀ máa ń kálòlò, tàbí kí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì. Lẹ́yìn ìyẹn mo máa ń fọwọ́ sí i, mo sì máa ń pa ẹnu mi mọ́. Láti 2022, a ti yọ ìbò kúrò pátápátá. Tẹ́lẹ̀, ìbò mẹ́rin ló ń fagi lé pàṣípààrọ̀. Nígbà tí mo jókòó wo àwọn tó máa ń dìbò, àwọn tó fẹ́ pàdé ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lágbára náà lọ́sẹ̀ méjì sí i ni, tàbí àwọn tó ti ná ọjà kan náà tí wọn ò rí i rà.

Èyí ló gbé wa padà sọ́jọ́ Sunday. Kí lo fi ná Saquon lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn tí kò fi dá ẹ lóhùn? Ìwọ ni kọmíṣọ́nnà, o fẹ́ ọjà náà, ẹlòmíràn rí i rà, o wá ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kó o gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Pe àwọn méjèèjì lálẹ́ yìí, kó o sì fún ẹni tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá ní bọ́tìnì náà kó bá ẹ tẹ̀ ẹ́.