Èsì: Bíríìjì gìtá àtijọ́ tó ń ṣí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní bíríìjì (igi pẹlẹbẹ tó di okùn mú lójú gìtá) gìtá kékeré àtijọ́ tí bàbá yín fi sílẹ̀ ń ṣí, ẹ sì fẹ́ fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò! Gúlù awọ ẹran ni wọ́n fi ń kan irú gìtá bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Ooru àti omi díẹ̀ ló ń tú u. Tí súpà gúlù bá wọ inú igi, ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe lẹ́yìn yín, yóò fa igi ya ni.

Ẹ dẹ okùn rẹ̀ lónìí ná. Okùn ìfun ẹran ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ gìtá ṣáájú 1900 fún. Wáyà irin ló ń fa bíríìjì tu. Náílọ́nù ni kẹ́ ẹ fi sí i.

Ẹ ki ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tó gbóná sábẹ́ bíríìjì díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ kẹ́ẹ́, ẹ dúró, kẹ́ ẹ tún mú ọ̀bẹ náà gbóná. Ẹ ha gúlù àtijọ́ kúrò kẹ́ ẹ tó fi gúlù awọ ẹran lẹ̀ ẹ́ padà. Káfíńtà Láfẹ́nwà lè yá yín ní kílám̀pù, irin tí yóò fún bíríìjì mọ́ gìtá títí gúlù yóò fi gbẹ, àmọ́ kó má fi sáńpépà kan fáníìṣì rẹ̀ o. Tí ọyẹ́ bá dé sí Abẹ́òkúta, inú àpótí rẹ̀ ni kó máa wà, pẹ̀lú fóòmù tútù nínú ike ọṣẹ tẹ́ ẹ dá ihò sí lára, kí igi rẹ̀ má baà gbẹ jù.