Gẹ́tò: ibi tí wọ́n ti ń da bàbà ní Fẹ́nísì

Ọmọ kan bi mí léèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé: "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìtumọ̀ gẹ́tò gan-an? Mo gbọ́ lórí rédíò pé àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pé àdúgbò òtòṣì ló túmọ̀ sí." Èmi náà gbọ́ ètò yẹn. Inú bí mi débi pé mo pa rédíò. Ẹni tí kò bá mọ nǹkan, kó ní òun kò mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tí ènìyàn yóò jókòó síwájú gbogbo ayé tí yóò máa fi ohun tí kò wádìí kọ́ ọmọ ọlọ́mọ?

Gẹ́tò kì í ṣe ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà. Kó tó dé ẹnu wọn lọ́hùn-ún, ó ti lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún lẹ́nu àwọn ará Fẹ́nísì, ìlú orí omi tó wà ní àríwá ìlà-oòrùn Ítálì. Kánáàlì ni títì wọn níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló ń ṣe iṣẹ́ tí dánfó ń ṣe ní Èkó, òpó igi tí wọ́n gbá wọnú ẹrẹ̀ ni wọ́n sì kọ́ ilé lé lórí. Láyé àtijọ́, ìlú náà kò ní ọba tí ọmọ ń jẹ lẹ́yìn bàbá. Àwọn ọlọ́lá ibẹ̀ ló ń yan olórí tí wọ́n ń pè ní Doge.

Ìtumọ̀ gẹ́tò nìyí: ibi tí wọ́n ti ń da bàbà. Geto ni àwọn ará Fẹ́nísì ń pè é, láti ara "gettare", tó túmọ̀ sí kí ènìyàn ju nǹkan tàbí kó da nǹkan. Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó le fún ọmọ Yorùbá rárá. Àwa náà ń da omi, a sì ń da idẹ. Ẹ ṣí Bíbélì yín, ẹ ó rí ère tí wọ́n dà nínú Ẹ́kísódù. Irin tó yọ́ bí omi, tí wọ́n dà sínú àpẹrẹ títí tó fi gan, òun ni wọ́n ń sọ. Ohun kan náà ni àwọn ará Fẹ́nísì ń ṣe ní àgbègbè Cannaregio, ní àríwá ìlú wọn, ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn. Ilé ìda bàbà ìjọba wà níbẹ̀, erékùṣù kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kánáàlì yí i ká. Ibi tí iléeṣẹ́ gan-an wà ń jẹ́ Geto Vecchio, ìyẹn Geto Àtijọ́. Erékùṣù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Geto Nuovo, ìyẹn Geto Tuntun. Nígbà tó yá, ìjọba kó iṣẹ́ náà lọ sí Arsenale, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ogun. Iná kú, orúkọ kò kú.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní àlàyé mìíràn. Àwọn kan ní "borghetto" ló di gẹ́tò, ìyẹn abúlé kékeré ẹ̀yìn odi ìlú. Àwọn mìíràn ní "get" ni, ọ̀rọ̀ Hébérù fún ìwé ìkọ̀sílẹ̀ láàárín ọkọ àti aya. N kò gbà, ẹ̀rí tó mú mi lọ́kàn jù lọ sì rèé. Ní 1516, Geto Tuntun ni ìjọba kó àwọn Júù sí. Ní 1541 ni wọ́n tó fi Geto Àtijọ́ kún un, fún àwọn oníṣòwò Júù tó ń ti ilẹ̀ Tọ́kì wá. Ẹ fara balẹ̀ wò ó. Júù ti gbé nínú "Tuntun" fún ọdún 25 kí wọ́n tó gbé nínú "Àtijọ́". Bó bá jẹ́ pé ibùgbé Júù ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí láti ìbẹ̀rẹ̀, báwo ni tuntun ṣe fẹ́ ṣáájú àtijọ́? Ẹni tí kò mọ ìdí tí Táyé fi kọ́kọ́ jáde tí Kẹ́hìndé sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n yóò rò pé a ṣìṣe ni. A kò ṣìṣe, ìtàn ló wà ńdìí ẹ̀. Ọjọ́ orí iléeṣẹ́ bàbà ni àtijọ́ àti tuntun yẹn ń sọ, kì í ṣe ọjọ́ tí àwọn Júù dé. Orúkọ ti wà nílẹ̀ kí àlejò tó wọlé.

Ní 1633, wọ́n tún fi ibi kẹta kún un, wọ́n pè é ní Ghetto Nuovissimo, Tuntun Pátápátá. Ibẹ̀ kò mọ iná àgbẹ̀dẹ rí. Nípa bẹ́ẹ̀ la fi mọ̀ pé ìtumọ̀ ti yí nígbà yẹn: gẹ́tò ti di ibi tí a há ènìyàn mọ́.

Àwọn ọ̀mọ̀wé yẹn á tún ní bó bá jẹ́ láti ara "gettare" ni, ṣé kì í ṣe "jẹ́tò" ló yẹ kí wọ́n máa pè é, bí àwọn ará Ítálì ṣe ń pe g àti e? Àwọn Júù tó ti ilẹ̀ Jámánì wá ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀, ahọ́n wọn kò sì mọ "jẹ" níbi tí wọ́n bá kọ g àti e. Wọ́n pè é bó ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn, ìpè tiwọn ló sì borí. Ó tán.

Àwọn bàbá wa ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn ọmọ ìwòyí máa ń pa òwe yìí bíi pé ìkìlọ̀ lásán ni pé kí òbí má fi orúkọ burúkú sọ ọmọ. Ìdajì rẹ̀ nìyẹn. Ìdajì tó kù ni pé orúkọ jẹ́ ẹ̀rí ohun tó wà nínú ilé lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Bí ilé bá wó, ẹ gbá orúkọ mú, yóò sọ fún yín ohun tó ti wà níbẹ̀. Nílùú ìyá mi, agbo ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Ilé Àgbẹ̀dẹ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹwìrì ṣì ń fẹ́ níbẹ̀, bàbá arúgbó kan ṣì ń rọ ọkọ́ àti àdá. Mo padà lọ síbẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gẹ irun ló wà lórí ilẹ̀ náà. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gẹ irun pé kí ló dé tí wọ́n fi ń pe agbo ilé wọn ní Ilé Àgbẹ̀dẹ. Ọmọ ilé náà gan-an ni o. Ó ní òun rò pé orúkọ oníjàkadì kan tó máa ń dá gbogbo ènìyàn láyé àtijọ́ ni. Mo mú un lọ sẹ́yìnkùlé, mo fi ẹsẹ̀ hú ilẹ̀, mo ṣa ìdàrọ́ mẹ́ta fún un, ìyẹn pàǹtí irin tó máa ń kù sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti yọ́ irin. Ó wò wọ́n títí. Orí ìdàrọ́ ló ti ń rìn láti kékeré, kò sí ẹnìkan tó sọ fún un. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Bí ọmọ Àgbẹ̀dẹ kò bá mọ àgbẹ̀dẹ, ta ni yóò sọ ìtumọ̀ gẹ́tò fún un?

Ó yá, báwo ni ibi ìda bàbà ṣe di ibi àhámọ́? Ogun ló fà á. Ní 1509, àwọn ọ̀tá ṣẹ́gun Fẹ́nísì ní Agnadello, ní àríwá Ítálì, àwọn Júù tó ń gbé ní àwọn ìlú orí ilẹ̀ sì sá wọ inú ìlú náà pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn. Ìjọba nílò owó wọn, ó nílò àwọn oníṣègùn wọn, ṣùgbọ́n àwọn oníwàásù ń pariwo pé kí wọ́n lé wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1516, lásìkò Doge Leonardo Loredan, ìgbìmọ̀ ìjọba ṣe òfin pé kí gbogbo Júù kó lọ sí Geto Nuovo. Wọ́n ní kí àwọn ayálégbé tó wà níbẹ̀ kó jáde, owó ilé sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i fún àwọn Júù. Wọ́n ṣe ẹnubodè méjì sí i. Ní òwúrọ̀, bí agogo Marangona, agogo àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, bá dún láti ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì San Marco, wọn á ṣí i. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn á tì í. Kristẹni mẹ́rin ló ń ṣọ́ ọ, ọkọ̀ ojú omi sì ń yí kánáàlì po lóru. Ta ló ń san owó àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn? Àwọn Júù tí wọ́n há mọ́lé ni. Àwọn oníṣègùn nìkan ni wọ́n ń fún láyè láti jáde lálẹ́, torí àìsàn kì í dúró de òwúrọ̀.

Kì í ṣe Fẹ́nísì ló kọ́kọ́ há Júù mọ́ o. Frankfurt ní Jámánì ti ṣe é ní 1462. Orúkọ ni Fẹ́nísì fún ayé.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbà wọ́n láyè láti ṣe kò pọ̀: yíyá ènìyàn lówó lórí ohun ìdógò, títa òkìríkà, ìṣègùn. Bí wọ́n bá jáde lọ́sàn-án, àmì àwọ̀ ìyeyè gbọ́dọ̀ wà lára wọn. Bí ènìyàn ṣe ń pọ̀ sí i tí ilẹ̀ kò sì fẹ̀ sí i, òkè ni wọ́n ń kọ́lé lọ, àjà lórí àjà, títí dé méje. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Padua, ìlú kan nítòsí Fẹ́nísì, mú mi dé gẹ́tò náà. Mo wọ inú ọ̀kan nínú àwọn ilé náà, bí mo ṣe na ọwọ́ sókè báyìí ni mo kan àjà. Orí òkè pátápátá ni wọ́n fi sínágọ́gù sí. Ti àwọn ará Jámánì, tí wọ́n kọ́ ní 1528, ní fèrèsé gíga márùn-ún, bí ìwé Mósè ṣe jẹ́ márùn-ún.

Ẹ má sì rò pé òkùnkùn nìkan ló wà níbẹ̀. Rábì Leon Modena, tí wọ́n bí ní 1571, gbé nínú gẹ́tò náà, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ka iṣẹ́ 26 tó ti fi wá oúnjẹ rí. Àwọn àlùfáà Kristẹni àti àwọn ọlọ́lá máa ń wọ inú gẹ́tò wá láti gbọ́ ìwàásù rẹ̀. Tẹ́tẹ́ títa ló ba ayé rẹ̀ jẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ rántí jù ni Sara Copia Sullam. Akéwì ni. Àwọn Kristẹni àti Júù máa ń pàdé nílé rẹ̀ láti jiyàn lórí ìwé. Ní 1621, àlùfáà kan tó ti máa ń wá sílé rẹ̀ kọ̀wé síta pé Sara kò gbà pé ọkàn ènìyàn kì í kú. Ẹ̀sùn tó lè pa ènìyàn ni nígbà yẹn. Obìnrin yìí kọ èsì, ó tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún kan náà, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Nígbà tó kú ní 1641, Modena ló kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbẹ́ sí òkúta ibojì rẹ̀.

Láti Fẹ́nísì ni orúkọ náà ti ta kiri. Póòpù Paul Kẹrin há àwọn Júù Róòmù mọ́ ní 1555, àwọn ìlú Ítálì mìíràn tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ náà sì bá wọn lọ. Ní nǹkan bí 400 ọdún lẹ́yìn náà, àwọn Násì, ìyẹn ẹgbẹ́ Hitler ní Jámánì, fi pe ibi tí wọ́n kó Júù jọ sí ní Warsaw ní Póláńdì àti ní àwọn ìlú mìíràn kí wọ́n tó pa wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó wá mọ́ àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú lára ní Amẹ́ríkà, torí pé àwọn aláwọ̀ funfun kò jẹ́ kí wọ́n ra ilé síbòmíràn. Orin ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ Fẹ́nísì mìíràn pọ̀ lẹ́nu yín tí ẹ kò mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo Àsénà lọ́jọ́ Sátidé, iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti ń ṣe ohun ìjà ní Woolwich, ní London, ni ẹgbẹ́ yín ti gba orúkọ, ti Woolwich sì wá láti Arsenale Fẹ́nísì, tí àwọn yẹn gbà lọ́wọ́ Lárúbáwá: ilé iṣẹ́ ọwọ́. "Ciao" tí àwọn ará Ítálì fi ń kí ara wọn, "ẹrú yín ni mí" ló túmọ̀ sí. N kò ní dúró lórí ìyẹn lónìí.

Ní 1797, ọmọ ogun Faransé tí Napoleon jẹ́ ọ̀gágun wọn wọ Fẹ́nísì. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje, wọ́n fa ilẹ̀kùn ẹnubodè gẹ́tò yọ, wọ́n kó àwọn ilẹ̀kùn náà jọ sí gbàgede, wọ́n sì dáná sun wọ́n, Júù àti Kristẹni sì jó yí iná náà ká. Àmọ́ ní oṣù kẹsàn-án 1943, nígbà tí àwọn Jámánì gba ìlú, wọ́n ní kí Giuseppe Jona, oníṣègùn tó jẹ́ olórí àwọn Júù ibẹ̀, mú orúkọ gbogbo ènìyàn rẹ̀ wá. Jona ba àwọn ìwé náà jẹ́, ó sì pa ara rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì fi máa parí, wọ́n ti kó Júù 246 lọ láti Fẹ́nísì. Àwọn 8 ló padà.

Bí ẹ bá débẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kánáàlì Cannaregio, abẹ́ ilé kan báyìí lẹ ó gbà wọlé, ọ̀nà tóóró. Ẹ wo òkúta ẹ̀gbẹ́ ògiri dáadáa. Ihò tí wọ́n fi irin ilẹ̀kùn sí ṣì wà níbẹ̀. Mo fi ìka mi sínú rẹ̀.